Mo Fi Ẹnu Pa Táíwò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Kẹ́hìndé ni mí, ọmọ Ìsẹ́yìn, Ṣakí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Táíwò mi wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò tí mò ń gbé ló gbà pé ó ti kú, nítorí èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò jẹ́wọ́ irọ́ yìí fún ẹnikẹ́ni rí. Iṣẹ́ tí ó rán sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Láti kékeré, n kò ní ohun kan tó jẹ́ tèmi nìkan. Aṣọ kan náà ni, bàtà kan náà ni. Ẹni tó bá kí mi lọ́nà kò ní tíì béèrè àlàáfíà mi tán tí yóò fi ní, "Táyé ńkọ́?" Ó sú mi. Inú Táíwò ní tiẹ̀ máa ń dùn, á ní, "Ṣe ni wọ́n ń kí wa lẹ́ẹ̀mejì."

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: ìdáyàtọ̀. Ó ní inú ìwé la ti máa ń rí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn jẹ́ ara rẹ̀, kí a má lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní ká fi ṣe gbólóhùn. Mo kọ ọ́ pé, "Ìdáyàtọ̀ ni mò ń wá." Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí a tó lè yàtọ̀ sí i. Etí mi kò gba ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo gbé lọ sí Ṣakí.

Ọjọ́ tí mo kó débẹ̀, Ìyá Ràmọ́tà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, béèrè orúkọ mi. Mo ní Kẹ́hìndé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Táyé ńkọ́?" Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ní, "Kò sí mọ́, mà."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Àánú mi ṣe obìnrin náà. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀ ló ń se ẹ̀wà ìbejì fún mi, abọ́ méjì ló sì ń bù ú sí, nítorí wọn kì í fún ìbejì kan kí wọ́n yọ èkejì sílẹ̀, ìbáà ti kú. Á jókòó tì mí, á ní, "Jẹ tìrẹ, ọmọ mi. Jẹ́ kí tiẹ̀ wà níbẹ̀." Èmi tí mo sá fún Táíwò ní Ìsẹ́yìn wá ń bá abọ́ rẹ̀ jẹun ní Ṣakí. N kì í lè jẹ tèmi tán.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo wà nínú yàrá, mò ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn kan tó dà bíi tèmi lójúde: "Ẹ kú ilé o. Èmi ni Táíwò, mo wá kí Kẹ́hìndé." Mo gbọ́ tí atẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ràmọ́tà. Ẹnìkan ké pé àkúdàáyà ni, òkú tó ń rìn kiri. Wọ́n ń tilẹ̀kùn, àwọn kan ń da iyẹ̀pẹ̀ lù ú. Táíwò ń pè mí: "Kẹ́hìndé, jáde wá sọ fún wọn pé èmi ni."

Bí mo bá jáde, irọ́ mi á tú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́sàn-án gangan, èmi ni mo di ìlẹ̀kùn mú.

Nígbà tó lọ tán, ẹrù tó gbé wá ṣì wà nílẹ̀. Aṣọ òfì méjì ni, bákan náà ni wọ́n rí. Ìyá Ràmọ́tà fi igi gbé wọn sínú iná, mo sì ń wò ó.

Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún Iléyá, Táíwò ní òun wá, òun kò bá mi nílé. Mo ní mo wà ní ilé ìwé. Ó gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà, kò tún fẹsẹ̀ kan ìlú mìíràn. Ó bi mí nígbà kan pé, "Kẹ́hìndé, ṣé àkúdàáyà máa ń mọ̀ pé òun ti kú?" Mo fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, ọkùnrin kan láti Òkèhò fẹ́ fẹ́ ẹ. Bàbá wa gbà, ìyá wa gbà, Táíwò fúnra rẹ̀ ló kọ̀. Ó rán dẹrẹ́bà kan sí mi, ó ní kí n bá òun bi àwọn ará Ṣakí léèrè ohun tí wọ́n rí lára òun, kí òun má baà lọ kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ohun tí mo wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé Táyé ńkọ́ mọ́, ibẹ̀ sì dá páropáro. Bí mo bá jẹ́wọ́, mo lè pàdánù rẹ̀. Bí n kò bá jẹ́wọ́, á máa gbé ayé rẹ̀ bí òkú. Ọ̀la ni dẹrẹ́bà náà ń padà lọ sí Ìsẹ́yìn. Ó ní Táíwò ń retí èsì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ní wọ́n rí?