Àwọn Jẹ́sì Ẹlẹ́rẹ̀ Tí Mo Fọ̀ ní Ọsirélíà

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbẹ̀ yẹn, bí ẹnìkan bá bá yín jìyà, ẹ ò lè dé ibi ayọ̀ kí ẹ má pè é. Kò ṣeé ṣe! Ta ló máa jẹ́ kí ẹ ṣe é? Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ bi mí pé kí ló lé mi kúrò ní Ọsirélíà, ilẹ̀ tí iná kì í lọ, tí omi kì í dá. Òótọ́ ni. Iná kì í lọ. Ṣùgbọ́n mo padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀, torí irọ́ ni wọ́n ń pa nínú ẹbí pé èmi àti ìyàwó Gbénga la jà. A ò jà rárá. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Ẹ rín in. Ẹ rín in tán, kí n tó máa bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìgbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣẹ́gun, tí ẹ ò bá láyé, ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìlú. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n gbá. Ká má purọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n gbá rárá! Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Imusin á wá, wọ́n á nà wọ́n bí ẹni na aṣọ òfì. Bí wọ́n bá ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn á máa fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ìyá mi nìkan ló máa ń ru omi lọ fún wọn ní pápá. Á ní, “Ẹ mu omi. Ẹni tó ṣubú kò tíì kú.” Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí wọ́n wá gba ife níjọ́ kan, ẹ gbọ́ o, wọn ò tíì gbé ife náà dé ààfin, ẹnu ọ̀nà ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ìyá, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.” Ìyá mi ní ọwọ́ òun ń rùn, ẹja lòun ń fọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ẹja yẹn gan-an làwọn ń fẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ó dáa. Ọkọ mi kú, Gbénga ọmọ mi wá mú mi. Ó ní èmi nìkan ò lè máa gbé ilé. Ó gbé mi lọ sí ìlú kékeré kan lẹ́yìn Mẹ́líbọ̀n. Ilé náà dára… ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Gbénga á lọ síbi iṣẹ́, Ṣadé ìyàwó rẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ sílé ìwé. Ó ku èmi àti fíríìjì. Òun náà a máa kùn, èmi náà a máa kùn. Èmi tí mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí ọmọdé kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi! Kò sí ẹni tí mo lè kí ní “ẹ káàárọ̀”.

Sátidé kan, mo gbọ́ ariwo. Mo wọ kóòtù, mo tẹ̀lé ariwo náà. Àṣé pápá kan wà lẹ́yìn ilé wa. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa yìí o. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún rí bí ìbẹ́pẹ. Wọ́n ń fi ọwọ́ mú un, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta á, wọ́n ń fò gun ara wọn léjìká láti hán an. Kò sí àwọ̀n. Òpó mẹ́rin ló wà níhìn-ín, mẹ́rin lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá ta á gba àárín, ẹ jẹ púpọ̀. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ ẹyọ kan, bí ẹni gba ẹ̀bùn ìtùnú. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú, àwọn ọmọ yẹn wọ ṣòkòtò péńpé! Wọ́n sì ń na àwọn ọmọ àdúgbò wa. Háà, wọ́n ń nà wọ́n!

Nígbà tó parí, gbogbo èèyàn wọ mọ́tò lọ. Bàbá òyìnbó kan ló kù, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó ń ṣa jẹ́sì ẹlẹ́rẹ̀ sínú àpò. Kọ́lìn lorúkọ rẹ̀, òun ni alága ẹgbẹ́ náà. Mo ní, “Ta ló ń fọ ìwọ̀nyí?” Ó ní ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ti bá ọmọ rẹ̀ lọ. Ló bá ṣàlàyé fún mi. Ẹgbẹ́ olówó kan wà nítòsí, wọ́n ti wá kó gbogbo àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù lọ pátá. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kù. Ó ní, “Màmá, a ń tún ẹgbẹ́ kọ́ ni. Ó máa pẹ́ díẹ̀.”

Mo wò ó. Mo ní lọ́kàn mi, ilé tí wọ́n ń tún kọ́, ṣebí ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ máa gbé inú rẹ̀ bí òjò ṣe ń rọ̀? Mo ní, “Gbé àpò yẹn wá.”

Gbénga bínú. Ó ní, “Mọ́mì, tíṣà ni yín o! Ẹ kì í ṣe alágbàfọ̀.”

Mo ní, “Ta ló ń fọ ìdọ̀tí rẹ nígbà tí o wà lọ́mọdé? Àbí alágbàfọ̀ ni mo gbà?”

Ṣadé náà ní ẹrẹ̀ yẹn máa ba ẹ̀rọ ìfọṣọ òun jẹ́. Kò burú, ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Mo kó jẹ́sì sínú ọpọ́n ìwẹ̀, mo fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ń fọ̀, mo ń sá, mo ń gbé e lọ. Nígbà tó yá, mo ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ ará Íńdíà kan, mo din àkàrà lọ fún wọn. Wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ejò. Balógun wọn ló kọ́kọ́ mú un, ọmọkùnrin gìrìwò kan tí irun rẹ̀ pupa, Déènì. Ó jẹ ọ̀kan, ó pajú dé. Ló bá mú méjì sí i, ó sì sọ fún àwọn yòókù pé kò dùn o, kí wọ́n má wulẹ̀ fẹnu kàn án! Láti ọjọ́ náà, àkàrà kì í kù.

Ṣùgbọ́n wọn ò borí. Ọdún àkọ́kọ́, wọn ò borí. Ọdún kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré, a sì ké bí ẹni pé a gba òmìnira. Bí wọ́n bá ṣe ìdajì eré, àwọn tó wá wòran á ti máa wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wọn. Èmi kì í lọ. Màá dúró nídìí okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, pẹ̀lú agbòòrùn mi. Àwọn ará ẹgbẹ́ kejì á máa yọ ṣùtì sí wa. Ìjẹ̀bú ni mo fi ń bú wọn! Wọ́n rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Ẹgbẹ́ olówó yẹn wá bá Déènì. Wọ́n wá, wọ́n tún wá. Ọmọ bíríkìlà ni, kò sí ohun tí ilé wọn ò nílò. Ó kọ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Bí mo bá lọ, Màmá, ta ló kù?” Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi… ojú mi kún fún omi. Mo ní òtútù ni.

Ní ìgbà òtútù kẹta, wọ́n ṣẹ́ ẹ lórúnkún. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo dúró sí, bí igi gbígbẹ. Mo gbé àkàrà lọ fún un ní ọsibítù. Mo bá Kọ́lìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbọ́ ohun tí Kọ́lìn sọ, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ Déènì mú, ó ní, “Ipò rẹ ń dúró dè ọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó.” Ó yíjú sí mi, ó ní, “Ìwọ náà, Màmá, ọjọ́ tí a bá dé àṣekágbá, iwájú pátápátá lo máa jókòó.” Mi ò bẹ̀ ẹ́ o! Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan yí padà. Àwọn oníṣòwò ńláńlá kó owó sínú ẹgbẹ́ náà. Kóòṣì tuntun dé, agbábọ́ọ̀lù tuntun dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Mò ń jó nídìí okùn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé àkàrà dé, ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí dá mi dúró. Ó ní òfin ìmọ́tótó kò gba oúnjẹ tí wọ́n bá dín nílé. Mo wá Kọ́lìn lọ, ó ní òótọ́ ni, òfin ni. Mo ní kò burú, kí ó fún mi ní jẹ́sì. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní àwọn ti gba ilé iṣẹ́ ìfọṣọ, ọkọ̀ wọn ló ń wá kó o. Ó ní, “Màmá, o ti ṣe tó. Lọ sinmi.”

Lọ sinmi! Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí. Bí wọ́n bá fẹ́ lé àgbà ni wọ́n ń sọ ọ́.

Déènì náà, orúnkún rẹ̀ jinná. Ó padà dé, kóòṣì tuntun ní kò yá mọ́. Wọ́n fi í sí àwọn arọ́pò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn ò pè é mọ́. Ipò tó ń dúró dè é, ẹlòmíràn ti wà nínú rẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dé àṣekágbá. Gbénga ní kí n má lọ. Mo ní ìlérí ni. Mo wọ aṣọ àdìrẹ mi, mo wé gèlè, ó fi mọ́tò gbé mi lọ. Ọmọ kan ní ẹnu géètì, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù tán, ó ní, “Tíkẹ́ẹ̀tì dà?” Mo ní kí ó pe alága. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, Kọ́lìn ń kọjá pẹ̀lú àwọn oníkóòtù. Ó rí mi. Ojú wa pàdé. Ó ju ọwọ́ sí mi, ó ní, “Màmá! Á dùn wò lónìí o!” Ó wọlé lọ.

Gbénga ti ń fa owó yọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, “Bí o bá san án, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí.”

Inú mọ́tò la jókòó sí. Mi ò jẹ́ kó gbé mi lọ sílé, mi ò sì wọlé. A ń gbọ́ ariwo wọn láti ibẹ̀. Ariwo ńlá kan wá sọ, mọ́tò àwọn èèyàn ń fun fèrè. Gbénga rọra ní, “Wọ́n ti borí, Mọ́mì.”

Mo ní, “Mo gbọ́.”

Déènì wá sílé wa lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gbẹ́ni gìrìwò yẹn jókòó sí kíṣìnì, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ó ní wọ́n ya fọ́tò, wọn ò pe òun. Mo gbé àkàrà síwájú rẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ìyá mi ì bá ní kó mu omi, pé ẹni tó ṣubú kò tíì kú, ṣùgbọ́n òun kò ṣubú, wọ́n tì í ni. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo sọ fún Gbénga pé mo ń lọ sílé. Ó rò pé òun ló ṣẹ̀ mí. Mo ní rárá, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí kí n tó wúlò fún wọn.

Ẹ ti gbọ́ báyìí. Kì í ṣe ìjà.

Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù, ó ku díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Gbénga pè mí lórí fóònù. Ó ní àwọn oníṣòwò ti bínú kúrò, àwọn agbábọ́ọ̀lù olówó ti tẹ̀lé wọn. Ó ní wọ́n nà wọ́n ní Sátidé bí wọ́n ṣe ń nà wọ́n nígbà tí mo dé. Ó ní Kọ́lìn dá a dúró lójú ọ̀nà, ó ń béèrè pé ìgbà wo ni Màmá máa dé, pé àwọn tún ń tún ẹgbẹ́ kọ́.

Ẹ rò pé inú mi dùn? Èmi náà rò ó. Mo ti ń retí ọjọ́ yẹn. Mo ti gbà á ládùúrà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Nígbà tó wá dé, ó korò lẹ́nu mi. Mò ń ro àwọn ọmọ kéékèèké tó máa wà nínú òjò yẹn, tí wọn ò mọ nǹkan kan. Mo ní kí Gbénga kí i. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hmm… Ẹ ran èèyàn lọ́wọ́ o. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é, ìyá mi á bá mi wí lọ́run. Ṣùgbọ́n ayé tí ẹ wà yìí, kì í ṣe èyí tí mo bá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ẹ ń bá jìyà, ẹ má wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ebi ń pa á. Lọ́jọ́ ebi, kò sẹ́ni tí kì í mọ orúkọ olóúnjẹ.