Aṣọ Pupa Lára Igi Kòkó ní Ajue

Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó sọnù sínú igbó láàrin Ago Alaye àti Ajue ní òru ọjọ́ eré ìje náà. Mo fi ìka mi kà wọ́n lórí ìwé, mo sì tún wọn kà. Àwọn tó ṣètò eré náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ iye yìí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ síta. Mo ń sọ ọ́ níwájú pẹpẹ Ọlọ́run lónìí, nítorí pé ẹ̀rí tí a bá yọ òtítọ́ inú rẹ̀ kúrò kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, ìpolówó ni. Ọkọ mi wà nínú àwọn mẹ́tàdínlógún náà. Òun ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tí ó na ẹsẹ̀ kan sórí àga mìíràn. Ó wà láàyè. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí òkùnkùn kò ṣú lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, àwọn tó wà níbí lóru ọjọ́ náà mọ ìdajì ìtàn yìí dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ nítorí àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ìbàdàn ni èmi àti Bàbá Tóbi ti wá. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wọ yunifásítì ni àwa méjèèjì ti ń rìnrìn àjò pọ̀ láti ìlú dé ìlú, tí a ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Ìyá ọkọ mi kò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà: "Ẹni tó ní mọ́tò, tó ń fẹsẹ̀ sáré, kí ló ń lé? Kí ló ń lé e?" A máa ń rẹ́rìn-ín, a ó sì di ẹrù wa. Nígbà tí a gbọ́ pé eré kan yóò wáyé ní Ore, àádọ́ta kìlómítà nínú oko àti igbó, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, a forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìgbìmọ̀ kan láti ìlú mìíràn ni ó ṣètò rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n mọ ara wọn. Wọ́n kó wa jọ sí ẹ̀bá òpópónà Benin, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti dúró tí wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo àwọn tí orí wọn kò pé. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Màámi, èló ni wọ́n máa fún yín tí ẹ bá sá a tán?" Mo ní mẹ́dààlì ni. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní mẹ́dààlì." Ó tún yíjú padà sí mi: "Ẹ gun ọ̀kadà mi, màámi, kí n gbé yín lọ gbà á kíákíá."

Ìlànà tí ìgbìmọ̀ fún wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí olúkúlùkù máa tẹ̀lé aṣọ pupa. Wọ́n ti fa aṣọ pupa ya ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ti so ó mọ́ igi ní gbogbo oríta, láti Ore dé Odigbo, láti Odigbo dé Ago Alaye, láti ibẹ̀ dé Ajue, kí a tó yí padà. Mo kàwé dé yunifásítì. Mo ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ àṣà wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti bá àwọn aláṣẹ jà níbẹ̀ pé wọn kò mọ àṣà ilé. Síbẹ̀ mo sáré kọjá lára aṣọ pupa lórí igi kòkó olóko fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá pé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ó ń sọ fún ẹni tó ni igi. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run kí n tó wá jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín.

Ní ibi tí wọ́n ti ń fún wa lómi ní Ago Alaye, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ọkọ mi ní òun yóò dúró.

"Bàbá Tóbi, ẹ máa lọ," mo dá a lóhùn. "Tí ẹ bá fi lè dúró, ẹ ó máa fi ṣe ìtàn fún mi títí a ó fi darúgbó."

"A ti darúgbó tẹ́lẹ̀, Màmá Tóbi. Jókòó, jẹ́ kí n dúró tì ọ́."

Mo lé e. Ó ní kò burú, òun yóò dúró dè mí ní Ajue, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí tábìlì ìgbìmọ̀ wà. Mo wo iná tó dè mọ́ orí rẹ̀ títí ó fi wọ inú kòkó. Ó lé ní wákàtí kan àbọ̀ kí inú mi tó rọlẹ̀ tí mo dìde. Kò sí asáré kankan mọ́ lẹ́yìn mi. Àwọn olómi ń palẹ̀ mọ́ bí mo ti ń lọ.

Mo dé oríta kan kí n tó dé Ajue. Ọ̀nà pín sí méjì. Mo tan iná yí gbogbo igi ibẹ̀ ká, kò sí aṣọ pupa kankan. Fóònù mi kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí mo ti dúró tí mo ń gbàdúrà, mo gbọ́ agogo, orin sì tẹ̀lé e láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ará. Ìṣọ́ òru yín ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ibi tí orin bá wà, ènìyàn wà níbẹ̀, mo sì yà sọ́tùn-ún. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti kọjá ní oríta yẹn tipẹ́ kí ẹ tó lu agogo. Igbó dákẹ́ fún un. Òsì ni ó yà sí.

Tábìlì ìgbìmọ̀ wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ilé àdúrà yìí. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ìgbìmọ̀ ló jókòó síbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tí ọkọ mi fi ń sáré fún un, mo bi í bóyá ó ti dé.

"Gbogbo wọn ti kọjá, mà. A ti pa ìwé dé."

"Èmi náà ńkọ́?"

Ó wo nọ́ńbà tó wà láyà mi, ó wo ìwé rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ti kọjá, mà."

"Iwájú rẹ ni mo dúró sí yìí."

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fa ìlà síwájú orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan tó ti dé; orúkọ méjìdínlógún ni kò ní ìlà. Mo yọ tèmi kúrò. Gbogbo àwọn yòókù ti kúrò ní Ago Alaye ṣáájú mi, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé Ajue, síbẹ̀ wọ́n ti ránṣẹ́ sí Ore pé gbogbo asáré ti pé.

"Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ iye yẹn síta," ni ó wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn onígbọ̀wọ́ wa wà ní Ore. Ọkọ yín lè ti lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ṣáà mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe."

"Ọ̀nà wo ni ó gbà dé hòtẹ́ẹ̀lì tí kò gba iwájú rẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ tábìlì. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹ̀rù ni ó kọ́kọ́ mú mi. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà bí ó ti ń ká tábìlì, kò sì yé mi bí ọwọ́ ènìyàn ṣe lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Mo sáré wọ inú ilé àdúrà yìí. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹrẹ̀ sì wà lára bàtà. Ìyá Àdúrà wò mí, wọn kò bínú, wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, bọ́ bàtà, kí o wá sọ ohun tó ń lé ọ." Mo bọ́ ọ. Mo ní ọkọ mi ti sọnù, mo ní aṣọ pupa ni wọ́n ní kí a máa tẹ̀lé, mo ní kò sí aṣọ kankan ní oríta.

Orin dákẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan dìde láàrin àwọn ọkùnrin, nínú sùtánà funfun. Bàbá Akínbọ̀dé ni. N kò mọ̀ wọ́n nígbà náà. Èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, ahọ́n tèmi kò sì lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí mo gbọ́ sọ ọ́.

"Aṣọ pupa?" ni Bàbá wí. "Èmi ni mo tú u."

Ìjà ilẹ̀ ti wà láàrin Bàbá àti ìbátan wọn kan lórí oko kòkó náà láti ọdún mélòó kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n dé oko, wọ́n bá aṣọ pupa lára kòkó tí bàbá wọn gbìn, ní oríta àti sínú oko lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún wọn. Kí ni ẹ ì bá fẹ́ kí wọ́n rò? Ààlè ni wọ́n pè é: ẹnìkan ti so ààlè mọ́ igi wọn, kí wọ́n má baà fọwọ́ kàn án mọ́. Kristẹni ni Bàbá, wọn kò sá fún ààlè. Wọ́n ka Sáàmù, wọ́n tú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kó o wá síbí kí ìjọ lè gbàdúrà sí i, kí wọ́n sì sun ún.

Wọ́n nawọ́ sí ẹsẹ̀ pẹpẹ. Mo wò. Àpò ọ̀rá kan wà níbẹ̀, àmì ọ̀nà ọkọ mi kún inú rẹ̀.

"A ti wọ́n omi àdúrà sí i," ni arábìnrin kan wí láti ẹ̀yìn, bí ẹni pé ó ń tọrọ àforíjì.

Bí ẹ bá retí pé mo bínú sí Bàbá, ẹ kò gbọ́ mi yé. Bí mo ti dúró láìwọ bàtà, ohun tí Ọlọ́run ń ṣe yé mi: nínú gbogbo ẹni tó wà ní ilẹ̀ Odigbo lóru náà, ẹnìkan ṣoṣo ni ó mọ igi tí aṣọ kọ̀ọ̀kan ti wá, òun náà sì ni ó mọ ibi tí ẹni tí kò bá rí aṣọ yóò gbà. Ó sì wà níbí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ní àkókò tí àwọn tó gba orúkọ wa ń ká tábìlì.

Bàbá kò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. "Ọ̀nà òsì," ni wọ́n wí. "Ó lọ sí odò. Ẹkù àtijọ́ wà níbẹ̀." Wọ́n mú agogo lórí tábìlì, àwọn ọkùnrin mú tọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àdúrà kó àwọn tó kù sórí eékún. Mo tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin.

A kọ́kọ́ bá mẹ́rin nínú àwọn asáré lórí igi tó wó, ó ti rẹ̀ wọ́n, iná wọn ti kú. Wọn kò rí ọkọ mi. A tẹ̀síwájú. Bàbá á lu agogo, a ó dákẹ́, a ó tẹ́tí. Nígbà tí wọ́n ti lù ú débi tí n kò lè ka iye rẹ̀ mọ́, a gbọ́ kàn, kàn, kàn, ìró irin lára sìmẹ́ńtì. Ìgò omi onírin ni ọkọ mi fi ń lu ògiri. Inú kòtò ẹkù ni ó wà, ibi tí wọ́n ti ń fún epo pupa láyé àtijọ́. Ewé ti bo ojú rẹ̀, òjò sì ti kún un dé ìbàdí ènìyàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Ó ti di gbòǹgbò igi kan mú, ohùn rẹ̀ ti tán.

Bàbá Akínbọ̀dé, tí mo gbọ́ pé wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ni wọ́n kọ́kọ́ wọ inú omi náà pẹ̀lú sùtánà wọn. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi jáde, ó wò mí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Màmá Tóbi, ṣé o ti sá a parí?"

"Bàbá Tóbi, ẹ dákẹ́," ni mo wí.

Dókítà ní Ore sọ fún mi pé òtútù omi náà ti ń wọ ọ́ lára jinlẹ̀, pé bó bá di àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, òun ì bá má rí ẹni tọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọkùnrin ìjọ yìí ti wá gbogbo àwọn yòókù jáde, kò sí ẹni tó kú. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi gbé Orúkọ náà ga, nítorí ọwọ́ mi nìkan kéré jù láti gbé e.

Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ tán. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ti jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi, ìgbìmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ jáde sórí fóònù gbogbo wa. Wọ́n ní gbogbo asáré padà ní àlàáfíà. Wọ́n ní àwọn olè kan ní Ajue jí àmì ọ̀nà wọn. Olè. Ẹni tó wọ oko olóko láìkan ilẹ̀kùn, tó so aṣọ mọ́ igi tí kò gbìn, òun ni ó pe onígi ní olè. Láti ọjọ́ náà, àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe Bàbá yẹ̀yẹ́ lọ́jà, ìbátan tí wọ́n jọ ń jà sì ti rí ọ̀rọ̀ fi kún ẹjọ́ rẹ̀.

Mo rí i pé ẹnìkan níbí ń gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, Ọlọ́run ti ṣe èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ó ku tiyín. Orí fóònù kan náà tí ẹ fi pe Bàbá Akínbọ̀dé ní olè ni kí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà padà, kí ẹ sì dárúkọ wọn bí ẹ ti ń gbà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá sí Ajue fúnra yín, kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn lójú ìbátan wọn náà pé ẹ̀yin ni ẹ so aṣọ yẹn. Bàbá máa ń lọ sóko ní kùtùkùtù. Ẹ tètè dé.