Òkè Tí A Ti Ń Já Ẹ̀lú Lẹ́yìn Wásinmi

Nígbà tí mo wà ní wúńdíá, tí ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, inú igbó ni aró ti ń wá, ẹ gbọ́. Kì í ṣe inú ike bíi ti òde òní. Ìjẹmọ ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Aláró. Èmi àti wọn á wọ rélùwéè ní Láfẹ́nwá, a ó sọ̀ ní Wásinmi, a ó fẹsẹ̀ rìn dé òkè kan báyìí… ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, ló bò ó. Ìrì á ṣì wà lára ewé. Bí a bá ṣe ń já a, ọwọ́ wa á máa dúdú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Mo máa ń rò pé àlá ni mò ń lá.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ á kàn ní kí a fi obì sílẹ̀ fún òkè, kí a má fa gbòǹgbò tu. Ìyá Aláró ń kírun o, síbẹ̀ wọ́n á fi obì sílẹ̀.

Àṣé òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ẹ̀lú yẹn, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Lọ́dún kan a débẹ̀, wáyà ti yí òkè ká, ṣọ́jà dúró tìbọn-tìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn. Ìjọba ti gbé òkè fún ilé-iṣẹ́ kan láti òkè òkun. Àwọn àgbẹ̀ ti kó lọ bá ẹbí ní Papalanto. Ìyá Aláró kí ṣọ́jà kan, wọ́n ní ewé lásán làwọn wá já.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé."

"Ta lò ń bá ṣọ́ ọ, ọmọ mi?"

Ó ń wo ilẹ̀.

Ó ṣe díẹ̀, àwọn òyìnbó kan wá sí Ìjẹmọ, wọ́n láwọn wá ran obìnrin lọ́wọ́. Wọ́n pín aró oníyẹ̀fun nínú àpò, wọ́n pín ìbọ̀wọ́, wọ́n wá ń kọ́ wa… àwa? Wọ́n ń kọ́ Ìyá Aláró bí a ṣe ń rẹ aṣọ láró. A ò rẹ́rìn-ín. A jókòó, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rí àsíá kékeré kan, tìlú wọn, lára àpò náà. Òun náà ni mo rí lára ọkọ̀ àwọn ṣọ́jà lórí òkè.

Mo sọ ọ́ sí Ìyá Aláró létí. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí ògbufọ̀ bá àwọn sọ ọ́: "A dúpẹ́. Ẹ wá bá wa bẹ àwọn tí ẹ fún lọ́kọ̀, kí wọ́n jẹ́ ká já ẹ̀lú wa."

Òyìnbó tó ṣáájú wọn, obìnrin tí ojú rẹ̀ tutù, ló fèsì. Ó ní iṣẹ́ tòun kọ́ nìyẹn, ọ́fíìsì mìíràn ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ìbọn.

Ìyá Aláró gba àpò náà. Kí la fẹ́ jẹ? Aró náà tètè ń mú, ó sì tètè ń ṣá. Wọ́n fi ṣòwò títí ọlọ́jọ́ fi dé, ṣùgbọ́n wọn ò wọ aṣọ aláró mọ́. Funfun ni wọ́n ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nídìí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan báyìí, àkọ́bí mi fi mọ́tò gbé mi débẹ̀. Òkè ti di kòtò. Omi aláwọ̀ ewé kún un, ó dákẹ́ rọ́rọ́, ìkùukùu ń kọjá nínú rẹ̀… Ó lẹ́wà, n ò ní purọ́. Mo fẹ́ẹ̀ sùn lọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fún yín ní nǹkan, ẹ gbà á, ẹ kí wọn dáadáa. Kí ẹ tó jókòó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti gbé lọ.

Rédíò ní ìrànlọ́wọ́ tún ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi pa á, kí n rí oorun díẹ̀ sùn.