Ìwé Pọ̀ Nílé Wa, Ọmọ Mi Kò Rí Ọ̀kan Kà Parí

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Bọ́sẹ̀dé ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá báyìí. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ló ń gbé ní Àìsẹ̀gbà, ibẹ̀ náà ló ti ń lọ sí ilé ìwé girama. Bí mo bá lọ kí i ní ọjọ́ Sátidé, á sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ mi, á kúnlẹ̀, á bu omi tútù fún mi. Kò rí mi fín rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bá a nídìí ìwé, á rọra pa ìwé náà dé, á fi ìgbọ̀nwọ́ lé e lórí, á ní, "Mọ́mì, mo ti ṣe tán." Kò tíì ṣe tán. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni mí, ọmọ ọlọ́mọ ló kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ mi ní Àkúrẹ́, tí wọ́n sì ń kí mi lójú títì títí di òní, ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí kò fẹ́ kí n fojú kan ìwé rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ fún yín bó ṣe jẹ́ gan-an.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ọkọ mi wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò ní Àkúrẹ́ wá sí Adó. Gbogbo èèyàn ló ń wá ilé ní Adó nígbà náà, a ò rí èyí tó bá wa lára mu, la bá gba ilé sí Ìkẹ́rẹ́, ọkọ mi sì ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Èmi fi iṣẹ́ tíṣà tí mò ń ṣe ní Àkúrẹ́ sílẹ̀. Bọ́sẹ̀dé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ní ikọ́ fée. Kíláàsì tí wọ́n fi í sí kún bámúbámú, eruku ṣọ́ọ̀kì níwájú, eruku ilẹ̀ lẹ́yìn, bí ó bá lọ lọ́jọ́ méjì, á sùn sílé lọ́jọ́ mẹ́ta. A ṣì ń rò ó ni àwọn olùkọ́ ìjọba bá tún daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi wò mí lójú, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ṣebí tíṣà nìwọ náà. Kí ló dé tí o ò máa kọ́ ọ nílé?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ní kò burú.

Ẹ ò rí i, oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ìwé méjì péré la ní, ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún ìṣirò, àti Bíbélì Yorùbá tí a ń kà lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Mo gbé tábìlì kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Adìyẹ mi kan ń sàba sábẹ́ tábìlì náà, Bọ́sẹ̀dé á sì máa kàwé fún un sókè ketekete. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á ní, "Ìyá adìyẹ, ẹ má bínú, mo ṣì í kà," á tún un kà. Nígbà tí adìyẹ yẹn fi máa pamọ, ọmọ mi ti ka ìdajì ìwé náà láìsí ìrànlọ́wọ́. Ikọ́ rẹ̀ sì rọlẹ̀.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni! Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣe tíṣà nílùú Ìṣẹ́, wá kí wa, ó gbé ìwé ìṣirò wa yẹ̀ wò, ó yínmú. Ó ní, "Ìyálé mi, èyí tẹ́ ẹ ṣì ń lò rèé? Àwọn ilé ìwé aládàáni ti pa á tì." Mo lọ ra èyí tó dárúkọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ìyàwó pásítọ̀ wa fún mi ní páálí ìwé kan tí àwọn òyìnbó fi ránṣẹ́, ìwé tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ya yìnyín àti ẹṣin sí. Ó ní bí àwọn òbí ṣe ń kọ́ ọmọ wọn nílé lókè òkun nìyẹn, pé kí n má fi orúkọ álífábẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ mọ́, ìró rẹ̀ ni kí n fi kọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní kí a má sọ Yorùbá sí i mọ́ rárá bí a bá fẹ́ kí Òyìnbó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá kan tó ti jẹ́ hẹdimásítà rí ní àdúgbò wa gbọ́, ó bínú, ó ní Yorùbá ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà yanjú, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọkùnrin kan tó ń ta ìwé ní gáréèjì Àkúrẹ́ tún tọ́ka sí kásẹ́ẹ̀tì tí ọmọ lè máa gbọ́, àti ìlẹ̀kẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n gbogbo wọn lápapọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi di wèrè.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè kọ̀ ni ẹ̀rù. Bí mo bá mú ìwé kan, ọkàn mi á máa sọ pé èyí tí mo fi sílẹ̀ ló dára jù, pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ mi á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, tí wọ́n á sì máa bi í pé kí ni ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Bí mo ṣe ń ra tọ̀tún ni mò ń tọrọ tòsì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kún, mo kó wọn sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé ìṣirò nìkan di mẹ́fà. Mo lẹ táìmù-tébù mọ́ ara ògiri, kí ọ̀sẹ̀ tó parí mo ti ya á kúrò, mo ti lẹ òmíràn. Láàárọ̀ Òyìnbó nìkan, lọ́sàn-án Yorùbá nìkan, lẹ́yìn náà kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ náà kò tilẹ̀ rí àyè ṣeré. Lọ́jọ́ kan tí mo tún gbé ìwé tuntun sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà jẹ́jẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ṣé a máa ka eléyìí parí?" Mo jágbe mọ́ ọn pé kí ó ṣí i. Ìbéèrè náà kò dún létí mi bí ìbéèrè. Mo rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ó di ọdún kejì. Ara ọmọ ti le, a sì ronú pé kí ó padà síléèwé. Ilé ìwé aládàáni kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbẹ̀ tí kíláàsì wọn kò kún, wọ́n ní kí ó wá ṣe ìdánwò kí àwọn lè mọ ibi tí àwọn máa fi í sí. Mo ra aṣọ tuntun fún un. Mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n á mú un fò lọ sí kíláàsì tó ga ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Mo jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, inú mi ń dùn. Nígbà tó yá, ọ̀gá ilé ìwé náà pè mí wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó tẹ́ ìwé ìdánwò síwájú mi. Àyọkúrò ni ìbéèrè àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ kíláàsì kejì ń ṣe. Bọ́sẹ̀dé ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́, ó yá ọ̀kan lọ́wọ́ nọ́ńbà tó wà lápá òsì bí ìwé kan ṣe kọ́ ọ. Nínú ìkejì, ó fi ọ̀kan kún nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bí ìwé mìíràn ṣe kọ́ ọ. Nínú ìkẹta, ó da méjèèjì pọ̀. Ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ tọ̀nà, ìkẹta kò tọ̀nà, ó sì fi bírò kọjá lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òfìfo ni ìyókù ìwé náà, àfi ibi tí omijé kán sí. Ọ̀gá náà kò bú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yín kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ohun tó mọ̀ ti pọ̀ jù, kò wá mọ èyí tó yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé." Wọ́n ní àwọn máa fi í sí kíláàsì tó rẹlẹ̀ sí tirẹ̀ ní ọdún méjì.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Dípò kí n gbá ọmọ mi mọ́ra, ìtìjú ló bò mí. A dé ibi tí a ti fẹ́ gun ọ̀kadà, èrò pọ̀ níbẹ̀, àwọn méjì nínú wọn jẹ́ ará ìjọ wa, ọ̀kan sì béèrè pé báwo ni ìdánwò. Mo nawọ́ sí Bọ́sẹ̀dé, mo ní, "Ẹ bi olódo yìí! Gbogbo ìwé tí mo rà, òkúta ni mò ń kọ́!" Bọ́sẹ̀dé kò sunkún. Ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èmi tí mo ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni mo sọ ẹyin tèmi mọ́lẹ̀ ní gbangba. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní kí ó kàwé, á kàn máa wo ojú ìwé náà ni. Ẹnu rẹ̀ kò ní ṣí. Ikọ́ fée náà sì padà dé.

Inú ìyẹn la wà tí ìyá ọkọ mi fi kó iṣu wá fún wa láti Àìsẹ̀gbà. Yèyé kò mọ̀wé, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kòkó díẹ̀ ló ń gbìn. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn ìwé tó wà nílẹ̀, ó bi mí pé, "Ìyàwó mi, ìwé mélòó ni ìwọ kà kí o tó mọ̀wé?" Mo rò ó, mo rò ó. Ìwé méjì ni, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ti lò kó tó kàn mí, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ebè kan, uṣu kan là á gbìn sí i. Bó o bá ki mẹ́ta bọ̀ ọ́, ewé lo máa rí, o ò ní í rí uṣu. Jẹ́ kí n mú un lọ ulé mi títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀." Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti ń kó aṣọ ọmọ jọ.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo tó lọ wò wọ́n. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé kí n tó wọlé. Ó ń kàwé fún Yèyé tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí mo ti rò pé ó sọnù, Bọ́sẹ̀dé ló ti fi í pamọ́ sáàárín aṣọ rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn, ó pa á dé, ó ní, "Yèyé, ó ti parí!" Yèyé ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mi ò lè wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ó múra ká máa lọ ilé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró." Ó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀, ìwé tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ló ń lò, ó sì jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n rò pé èmi ni mo kọ́ ọ yege.

Nítorí èyí, bí obìnrin kan bá wá bá mi pé òun fẹ́ máa kọ́ ọmọ òun nílé, pé kí n ka orúkọ ìwé tó dára fún òun, òótọ́ ni mò ń sọ fún un. Ọ̀kan wá láti Ẹ̀mùrẹ́ láìpẹ́ yìí, ó ti kọ orúkọ ìwé mẹ́rìnlá sínú bébà. Mo ní kí ó mú ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún ìṣirò, èyíkéyìí tó lè yé ọmọ tí òun náà sì lè kọ́, kí ó má sì pa wọ́n tì títí wọn yóò fi parí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹ̀kẹta wá, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbé e sórí àjà di ọdún tó ń bọ̀. Ìwé tí kò dára tó tí ọmọ kà parí sàn ju mẹ́wàá tó dára tí ó kàn ṣí wò lọ. Kí ó sì máa wo ojú ọmọ ju ojú ìwé lọ. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè mú èyí tí kò tọ́." Mo ní ẹ̀rù yẹn gan-an ni kí ó ṣọ́ra fún. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn ẹlòmíràn nìyí, ṣùgbọ́n mi ò ní ìkankan fún ara mi. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀dé fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lójú èrò. Mo ti lọ sí Àìsẹ̀gbà lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, màá ra ẹja, màá ra bíṣíkíìtì, màá kó wọn kalẹ̀, màá padà sílé láìsọ ọ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mi ò rí òbí tó bẹ ọmọ rẹ̀ rí, ìyá mi kò bẹ̀ mí rí, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin bàbá, bí ọ̀kan nínú yín bá wà tó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ rí pé, "Èmi ni mo jẹ̀bi, má bínú," mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́ mi. Ṣé ẹ jókòó ni àbí ẹ dúró? Gbólóhùn wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?