Wọ́n Ní Auntie Ti Gbà

Ọdún tí kòrónà rọlẹ̀, tí wọ́n tún gbà ká jókòó ti ara wa nínú bọ́ọ̀sì, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí North York, lókè òkun níbí.

"Auntie, àwọn aṣojú onílé ń bi gbogbo àwa ayálégbé bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n tún ilé àtijọ́ tá à ń gbé yẹn ṣe. Wọ́n ní ẹ̀yin ti gbà láti kó jáde."

"Èmi kẹ̀? Nígbà wo?"

"Ọjọ́ tí wọ́n wá kí yín. Kí lẹ sọ?"

"Mo ní ẹ ṣeun, ẹ kú ìrìn. Mo fún wọn ní mọ́ínmọ́ín."

"Háà! Ẹ tún bọ́ wọn!"

"Ṣé kí n lé àlejò ni? Ìrìn ẹsẹ̀ wọn ni mo dúpẹ́ fún, mi ò ní kí wọ́n gba ilé mi. Tí mo bá kó jáde, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n padà?"

"Mi ò mọ̀, ma. Ìpàdé tá à ń lọ yìí ló kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ ilé náà. Ẹ jọ̀ọ́, tá a bá débẹ̀, ẹ má kí ẹnikẹ́ni."

"Báwo ni mo ṣe máa wọlé bá èèyàn, tí mi ò ní kí wọn?"

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé, bí àwọn onílé bá wá bá mi sọ̀rọ̀ ilé, kí wọ́n jókòó tì mí, torí èmi náà á dúpẹ́.