Ohùn Ìyá Nọ́ọ̀sì

Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ̀wé sórí fóònù láti ìrìnàjò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó dé ọ̀dọ̀ mi: “Má fọwọ́ kan díìsì kékeré nọ́ọ̀sì o. Kọ̀ǹpútà á sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Dúró dè mí.” Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni mo ti pa á rẹ́. Oṣù méjì ni mo fi dijú mọ́rí. Lónìí, màá sọ ọ́.

Yàrá ilé wa ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn díìsì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n mọ́ ni wọ́n ń kó wá fún un, á sì kó fídíò inú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ bá rí ọwọ́ rẹ̀! Á fi aṣọ rírọ̀ nu díìsì láti àárín lọ sí etí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sùn. Nínú gbogbo ìwé ìtàn tí mo ti yá kà, n kò tíì bá akọni tó ní sùúrù tó ẹ̀gbọ́n mi.

Ohùn ìyá tó bí nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ìyá tó ti kú, ló wà nínú díìsì yẹn. Nọ́ọ̀sì kò ní òmíràn. Mo fi díìsì náà sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lírìnàjò. Kámẹ́rà tó gbà á sílẹ̀ kò parí iṣẹ́ lórí rẹ̀, ni kọ̀ǹpútà bá rí i bí òfìfo, ó bi mí bóyá kí òun nu inú rẹ̀ mọ́ fún ìlò tuntun. Ìwé ìtàn wà lọ́wọ́ mi kejì. Mo tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, mo ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi!

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ó bi mí pé, “Ṣé o tẹ nǹkan kan?”

“Rárá, Bọ̀dá.”

Ó gbà mí gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń ṣa fídíò náà jọ ní wóró wóró, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Nínú fídíò wákàtí kan, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló rí gbà. Ta tún ni ì bá rí ìṣẹ́jú kan?

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá gbà á, tó gbọ́ ìwọ̀nba tó kù, ó fò dìde. “Ta ló bà á jẹ́?”

“Kọ̀ǹpútà mi ni, mà. Ẹ̀bi mi náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

“Ọwọ́ tí gbogbo ayé ń yìn yìí? Ọwọ́ màlúù sàn jù ú lọ!”

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo pa ẹnu mọ́. Nínú ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù. Nọ́ọ̀sì ròyìn rẹ̀ kiri, ẹnikẹ́ni kò mú díìsì wá mọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà.

Láàárọ̀ yìí, mo bá nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́, ó ń ká báńdéèjì.

“Àǹtí, èmi ni mo pa ohùn ìyá yín rẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún purọ́ fún un. Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ dárí jì mí, bí ẹ ò dárí jì mí, gbogbo ilé tí ẹ ti bà á lórúkọ jẹ́ ni mò ń lọ báyìí, màá sì sọ fún wọn pé èmi ni.”