Súkúrù Kẹrin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Ẹ fẹ́ fi orúkọ mi sọ gbọ̀ngàn yìí, dókítà sì ti sọ fún mi pé àìsàn tó ń ṣe mí, oògùn kò ràn án mọ́. Bí mo bá dákẹ́ lónìí, irọ́ lẹ máa kọ sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí mi síta.

Gbogbo yín rántí sátẹ́láìtì wa, èyí tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ. A ní kó lọ wo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú sánmà ní ìhà àríwá ayé. Àbúrò ìyàwó mi ló to ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà ayé sínú rẹ̀. Idẹ nìkan ló ń lò nítòsí ẹ̀rọ náà, torí irin bíńtín lè da ìwọ̀n rú. Kódà, ó máa ń yọ píìnì irun kó tó wọlé. Èmi a máa fi ṣẹlẹ́yà: "Ìyàwó òòfà ti dé o!" Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín, torí ọ̀gá ló dá àpárá.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dé e pa, mo ní èmi ni màá de súkúrù kẹrin, ìyẹn ìkẹyìn, kí oníkámẹ́rà lè yà mí. Ọwọ́ tí kò gbé ohun tó ju bírò lọ! Súkúrù idẹ bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò rí i mọ́. Oníkámẹ́rà ń pariwo, "Ọ̀gá, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i!" Ìgbéraga kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ wá a níwájú àlejò. Súkúrù irin kan wà lápò mi, tó jábọ́ lára fáànù orí tábìlì mi láàárọ̀. Òun ni mo fi dè é. Ẹ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo délé tí mo bọ́ ṣòkòtò, súkúrù idẹ jábọ́ látinú ìṣẹ́po ẹsẹ̀ rẹ̀. Sátẹ́láìtì ṣì wà nílẹ̀ nígbà yẹn o. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tún un ṣe. Mo ro bí ẹ ó ṣe fi mí rẹ́rìn-ín, mo ju súkúrù náà sí ṣáláńgá. Èmi aláìnítìjú àgbà!

Nígbà tí sátẹ́láìtì dókè, bó bá ti yí ni ìwọ̀n òòfà ń yí tẹ̀lé e. Súkúrù mi ló ń wọ̀n, kì í ṣe ayé. Ẹ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ta ló fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi?" Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan. Ìwọ ni o ò mọṣẹ́." Mo mọ òótọ́, síbẹ̀ mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lé e. Rédíò ló ń tún ṣe lẹ́bàá títì títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pè é wá sí pálọ̀ mi, mo nawọ́ sí fọ́tò ọjọ́ náà lára ògiri: súkúrù mẹ́ta pọ́n, ìkẹrin funfun. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti rí i látìgbà tí ẹ ti gbé e kọ́." Mo ní, "Kí ló dé tó o dákẹ́?" Ó ní, "Ilé yín ni àǹtí mi ń gbé. Ká ní mo sọ ọ́, ibo ni wọn ì bá sùn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀. Ojú gbogbo ayé lẹ ti bà mí jẹ́."

Ìdí rèé tí mo fi dúró níwájú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ohun tó wà níkàáwọ́ yín bá bọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wá a, ì báà jẹ́ ọba ló ń wò yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nínú fọ́tò yẹn, tí ẹ rí funfun láàárín pupa tí ẹ ṣì ń pàtẹ́wọ́, ẹ má wolẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́, foríjì mí. Dìde kí wọ́n rí ọ.

Ẹ wò ó, kò dìde. Ta ni kó dìde fún nínú wa?